Olè Tí Ó Ní Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti rédíò, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì àti ìwé yín sítòsí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fẹ́ tú palẹ̀ ní alẹ́ òní. Ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa tí ẹ kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má dìde o. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ kì í ṣe àlejò ní àdúgbò wa. Bí ẹ bá ti dá àjọ rí, bí ẹ bá ti san owó ẹgbẹ́ rí, tàbí bí ẹ bá ti san owó-orí rí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ọ̀rọ̀ náà ni “peculation”. Bí a bá fẹ́ pè é lẹ́nu, a ó pè é bí ẹni pé a kọ ọ́ báyìí: pẹ-kiu-lé-ṣọ̀n. Inú ìwé òfin, inú ìwé ìtàn àti inú ìwé ìròyìn ńlá ni ẹ ti lè bá a pàdé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn kó owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ jẹ, pàápàá jù lọ owó ìlú tàbí owó ìjọba. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún un: ìkówójẹ ni. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé lágbájá lu owó ìlú ní póńpó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé “peculation” kàn jẹ́ olè jíjà tí ó wọ agbádá. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré nì, “theft”, ìbá ti tó wọn lò. Kí ni ìdí tí wọ́n fi wá orúkọ mìíràn? Ìbéèrè yìí ni a ó dáhùn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ ìtìjú àti lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olè méjì. Èkíní wá ní òru, ó já fèrèsé ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ó gbé àpótí owó, ó sì sá lọ. Bí ilẹ̀ ti mọ́, gbogbo àdúgbò hó yèè. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n tọ ipasẹ̀, wọ́n ń fi olè náà gégùn-ún. Olè kejì kò já fèrèsé kankan. Akápò ẹgbẹ́ náà ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni a fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ní ọ̀sán gangan ni ó ṣí àpótí, ó ka owó díẹ̀ jáde, ó tún un tì, ó sì jáde síta, ó ń kí àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn sì ń kí i padà pé, “Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o.” Kò sí ẹni tí ó ké olè. Ọ̀nà fèrèsé ni olè èkíní gbà wọlé. Ọ̀nà ọkàn wa ni èkejì gbà wọlé, nítorí pé a fọkàn tán an.

Olè kejì yìí ni “peculation” ń bá wí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ náà tó bá a mu. Èkíní, ohun náà kì í ṣe ti ẹni tí ó mú un. Èkejì, ó dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, àwọn tí ó ni ín ni ó fi lé e lọ́wọ́ kí ó bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó yí i padà sí ìlò ara rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn lò.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Láti inú èdè Látìnì ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ní èdè yẹn, “pecus” ni ẹran ọ̀sìn, bíi màlúù àti àgùntàn. Ní ayé àtijọ́ ẹran ọ̀sìn ni ọrọ̀ wọn, iye ẹran tí ènìyàn bá ní ni a fi ń mọ̀ bí ó ti lówó tó. Nígbà tí ó yá, láti ara “pecus” ni wọ́n ti yọ “pecunia”, tí í ṣe owó. Èyí kò gbọdọ̀ yà wá lẹ́nu. Àwa náà pe owó ẹyọ ní owó, a sì ń kà á ní ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, 20,000 ẹyọ nínú ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ ti lọ kúrò ní ọjà, àwọn bébà àti kọ́bọ̀ ti dé, síbẹ̀ a kò yí orúkọ padà, owó náà ni a ń pè é.

Láti ara ẹran ọ̀sìn kan náà ni wọ́n ti mú “peculium”. Èyí ni ohun ìní kékeré tí baba ilé yọ̀ǹda fún ọmọ rẹ̀, tàbí tí olówó ẹrú yọ̀ǹda fún ẹrú rẹ̀, pé kí ó máa ṣe é bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí “peculiar”, èyí tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ohun tí í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ó tó di ohun àjèjì tí a ń wò tìyanu-tìyanu. Láti ibẹ̀ náà ni àwọn ará Róòmù ti rí orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, “peculatus”, èyí ni pé kí ènìyàn sọ ohun tí í ṣe ti gbogbo ìlú di tirẹ̀. Wọ́n ṣe òfin pàtàkì lé e lórí. Ẹ wo àwòrán tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ó dà bí darandaran tí ìlú fi agbo màlúù ṣọ́, tí ó wá ń fi àmì tirẹ̀ sí wọn lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màlúù kò kúrò nínú pápá, darandaran kò kúrò nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n agbo ìlú ti di agbo ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ará Róòmù kan fún yín. Gaius Verres ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 84 ṣáájú ìbí Jésù, òun ni akápò fún Carbo, ọ̀kan nínú àwọn olórí Róòmù, ní àkókò tí àwọn ará Róòmù ń bá ara wọn jagun. Verres fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, ó sá tọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ, tòun ti owó tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di pé kí ó ṣe ìṣirò, ìwé rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ó ní owó tí òun gbà jẹ́ 2,235,417 sesterce, èyí tí í ṣe owó àwọn ará Róòmù. Ó ní òun ná 1,635,417 lórí owó ọmọ-ogun, ọkà àti àwọn ìránṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun fi 600,000 tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní ìlú Ariminum. Ó parí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní kí ẹ wò ó. Ìṣirò náà pé pérépéré, kò yẹ̀ ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba owó náà ní Ariminum? Ta ni ó rí i? Ogun ti kó ìlú náà lẹ́yìn náà, Verres sì rò pé kò sí ẹni tí yóò kù láti jẹ́rìí. Ní ọdún 70 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí a pe Verres lẹ́jọ́ nítorí bí ó ti fi ipò gómìnà kó àwọn ará Sicily nífà, Cicero tí í ṣe agbẹjọ́rò fa ìṣirò àtijọ́ yìí yọ nínú ìwé ẹ̀sùn tí ó kọ. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì wí pé àwọn ará Ariminum tí ó yè é kù, wọn yóò sì jẹ́rìí. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Verres kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ó sá lọ sí Massilia, ìlú tí a ń pè ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé lónìí.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Kí ìṣirò pé kò túmọ̀ sí pé owó pé. Ọwọ́ tí ó kó owó jẹ náà ni ó sábà máa ń kọ ìwé ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa, kí a sì kí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. “Embezzlement” ni èyí tí ìwé ìròyìn ń lò jù. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí bíba nǹkan jẹ́. A lè lò ó fún owó ìjọba, a sì lè lò ó fún owó ilé iṣẹ́ tàbí owó ẹgbẹ́. “Defalcation” tún wà. Dòjé tí a fi ń gé ọkà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: “falx” ni dòjé ní èdè Látìnì. Ẹni tí ó ń gé díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú owó tí a kó jọ ni. “Misappropriation” ni ẹnu rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn, ó sì gbòòrò. Wọ́n a máa lò ó fún owó tí a kó jẹ, wọ́n a sì máa lò ó nígbà mìíràn fún owó tí a ná sí ibi tí a kò rán ni ná an sí.

Ẹ kíyè sí bí a ti ń lò wọ́n. Owó ni a ń “embezzle”, a kì í “embezzle” ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ pé “He embezzled the society.” Ẹ kọ ọ́ pé “He embezzled the society's money.” “Peculation” ní tirẹ̀ bá owó ìlú mu jù lọ: “The officer was accused of peculation.” Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan gba àpò lọ́wọ́ ìyá kan ní ọjà tí ó sì sá lọ, kò sí “peculation” níbẹ̀, kò sì sí “embezzlement”. Ìyá náà kò fi àpò rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo ń sọ yìí ti da ilé ẹjọ́ láàmú rí. Ní London, ní ọdún 1799, akọ̀wé báńkì kan wà tí ń jẹ́ Joseph Bazeley. Ó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ó ki owó bébà kan tí ó jẹ́ 100 pọ́n-ùn bọ àpò ara rẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n ní olè ni. Àwọn adájọ́ gbé òfin yẹ̀ wò, ó sì sú wọn. Òfin ìgbà náà wí pé olè ni ẹni tí ó mú nǹkan kúrò ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn. Bébà yìí kò dé inú àpótí báńkì rárá; láti ọwọ́ oníbàárà ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ Bazeley, tí ó sì ti bọ́ sínú àpò rẹ̀. Wọ́n ní òfin kò lè pè é ní olè, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kò pẹ́ tí Ilé Aṣòfin wọn fi dí ihò náà. Ní ọdún 1799 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé akọ̀wé tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gba nǹkan ní orúkọ ọ̀gá rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀, ó ti dẹ́ṣẹ̀, ìyà sì tọ́ sí i. Ìkówójẹ gba orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé òfin wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1968, wọ́n kó gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn jọ sí abẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: “theft”. Ẹni tí ó já fèrèsé àti ẹni tí ó lo kọ́kọ́rọ́, olè ni òfin pe àwọn méjèèjì.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó kárí Nàìjíríà láti ọdún 1916 kò jẹ́ kí Bazeley kankan rí ihò gbà. Abala 383 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó fi ẹ̀tàn mú nǹkan, àti ẹni tí ó fi ẹ̀tàn yí nǹkan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìlò ara rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó jalè. Abala 390 ni ó wá sọ ìyà. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀wọ̀n olè lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó jí ohun ìjọba, tàbí akọ̀wé ni ó jí ohun ọ̀gá rẹ̀, ọdún méje ni. Ẹ gbọ́ bí? Òfin kò wí pé kí a ṣàánú rẹ̀ nítorí pé kò já ilẹ̀kùn. Ó fi ju ìlọ́po méjì kún ìyà rẹ̀, nítorí pé a fọkàn tán an. Ní apá Àríwá, ìwé òfin mìíràn ni wọ́n ń lò láti ọdún 1960, Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì tún òfin tirẹ̀ kọ ní ọdún 2011. Orúkọ tí òfin Àríwá fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí dára láti mọ̀: “criminal breach of trust” ni wọ́n pè é, èyí ni pé kí ènìyàn da ìfọkàntán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ti wúwo tó.

Ó kù ohun kan nínú abala 383 tí mo fẹ́ kí gbogbo akápò tí ó ń gbọ́ mi ní alẹ́ yìí fi sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ owó ni ènìyàn mú, tí ó sì fẹ́ ná an bí ó ti wù ú, òfin sọ pé ó ti jalè, ìbáà ṣe pé ó ní i lọ́kàn láti dá a padà bí ó bá yá.

Mo tún un wí: ìbáà ṣe pé ó ní i lọ́kàn láti dá a padà. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀. Ẹni tí ó ń kó owó jẹ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun fẹ́ jalè. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fi tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ní, “Mo yá a ni.” Ó ní, “Bí mo bá gba owó oṣù, n ó fi rọ́pò rẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè: ta ni ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀? Yíyá gba ẹni méjì, ẹni tí ó tọrọ àti ẹni tí ó gbà. Ẹni tí ó bi ara rẹ̀, tí ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn, kò yá nǹkan. Ìgbà tí oṣù bá parí, owó oṣù a ti ní iṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe. Ọmọ a ṣàìsàn, òjò a sì ṣí páànù orí ilé. Akápò a tún mú díẹ̀ sí i kí ó lè fi bo ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá wá béèrè, a ní “Owó ṣọ́tì ni.” Bí ẹni pé owó ní ẹsẹ̀!

Bí ó tilẹ̀ ṣe pé gbogbo owó padà, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹ gbọ́ ti ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Dundas, tí a fi oyè Lord Melville dá lọ́lá. Òun ni akápò fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1785 sọ pé kí owó iṣẹ́ náà máa wà ní Báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà tí a bá fẹ́ ná an. Ṣùgbọ́n Alexander Trotter, tí í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, ń kó owó náà lọ sí báńkì mìíràn, ó sì ń fi ṣòwò fún èrè ara rẹ̀. Ẹ̀sùn tí a fi kan Melville ni pé ó mọ̀, ó sì gbà á láyè. Nígbẹ̀yìn, gbogbo owó padà, ìjọba kò pàdánù. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1805, àwọn aṣòfin dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà: 216 dá Melville lẹ́bi, 216 sì kọ̀. Olórí ilé ni ó fi ìbò tirẹ̀ tì í sí ẹ̀bi. Melville fi ipò sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn ìjòyè ní ọdún 1806, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kò tún fi i sí ipò iṣẹ́ kankan mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1811. Owó padà, ẹjọ́ dá a láre, ṣùgbọ́n ìfọkàntán kò padà. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́ igi dínà ẹgbẹ̀fà. Ẹni tí ó mú láìtọrọ ńkọ́? Igi tí ó bẹ́ dínà ara rẹ̀ tóbi ju ti ajẹgbèsè lọ.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹ.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n jíjẹ ní ìwọ̀n. Ẹ wo alájọ wa. Ká ní ìyá ẹlẹ́kọ kan ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún 30 ọjọ́. Owó rẹ̀ yóò jẹ́ ₦15,000. Gbogbo wa mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni ti alájọ, nítorí náà yóò mú ₦500, yóò sì fún ìyá náà ní ₦14,500. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ₦500 yẹn, òógùn ojú rẹ̀ ni, ó ń rìn nínú oòrùn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é mọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Èyí ni jíjẹ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ₦14,500 tí ó kù, kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni ó ti ń jẹ mọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ni ó ń jẹ. Ọmọ náà ni wọn yóò lé kúrò ní kíláàsì, kò sì ní mọ ohun tí òun ṣe.

Nítorí èyí ni ó fi burú bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo ìkówójẹ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó jí iṣu kan ní oko, a pè é ní olè, a na án. Àgbàlagbà tí ó kó owó kànga ìlú jẹ, a ní, “Ó ṣe owó báṣubàṣu díẹ̀ ni.” Òmíràn a tilẹ̀ fi owó náà jẹ oyè, a sì lu ìlù fún un. Àbí a ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ẹni tí ó jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora? Láti ìgbà tí a ti dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní ọdún 2000, tí a sì dá EFCC sílẹ̀ ní ọdún 2003, a ti ń gbọ́ “embezzlement” nínú ìròyìn ní ìgbà gbogbo, títí tí etí wa fi di sí i. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó di bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ rántí ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ.

Kí ni a ó wá ṣe? Àwọn àgbà sọ pé nígbà àtijọ́, ẹni tí ó ní ọjà lè gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, kí ó to òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó hàn, kí ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rà á yóò fi owó ẹyọ sílẹ̀. Ohun tí ó dára ni, ó sì yẹ kí a máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí òkúta yẹn. Oníṣòwò kò wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìwé owó ìgbà náà, gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá ni ó sì lè kà á. Ìfọkàntán àti ìṣirò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń san owó ẹgbẹ́, ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní owó ní báńkì, kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa buwọ́ lu ìwé tí a fi ń gbà á. Kí ẹni tí ń gba owó àti ẹni tí ń kọ ìwé owó yàtọ̀ síra. Kí ọ́dítọ̀ wò ó lọ́dọọdún, kí a sì ka ohun tí ó rí sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ọmọdé béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àgbà. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kúnlẹ̀, tí a dọ̀bálẹ̀, tí a wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò,” a bọ̀wọ̀ fún un ni. Akápò tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù ọ́dítọ̀. Ìwé ọ́dítọ̀ ni yóò gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́nu méjì bá dìde sí i. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Mọ́nítọ̀ kan wà nínú yín tí ń gba owó bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á ní àkókò ìsinmi, tí ó sì fi ₦50 nínú rẹ̀ ra àkàrà, tí ó ní òun yóò dá a padà lọ́la, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ sílẹ̀ ti pé. Kí ó kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó fara da ebi títí di ìgbà tí ó bá délé. Ẹni tí ó bá kọ́ láti ya àpò ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àpò àwùjọ ní kíláàsì, òun ni a ó lè fi àpótí ìlú lé lọ́wọ́ ní ọ̀la.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí: ẹ kọ “peculation”, “embezzlement” àti “defalcation” sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá fún ẹnì kan nínú ilé tí kò ka ìwé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ béèrè ìṣirò owó ẹgbẹ́ yín ní ìpàdé tí ń bọ̀.